Ìlà Kẹtàdínlógún

Ẹsẹ̀ ọmọdé ni mo ń kà ní ilé ìwòsàn Kétu,
ẹsẹ̀ tó ti wọ́ láti inú ìyá,
tó kọjú sí ìkejì rẹ̀
bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí.
Àwọn tó dé kí wọ́n tó pé ogójì ọjọ́,
ẹ̀ẹ̀marùn-ún la fi ẹfun dì wọ́n,
ó ti nà.

Ìlà kẹtàdínlógún: Adéṣínà, ọmọ ọdún méje, láti Ìlárá.
"Wọ́n ní bó bá dàgbà, yóò nà fúnra rẹ̀."
Ìyá rẹ̀ kò sunkún.
Ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u.

Àpótí èsì kéré: ó nà, kò nà.
Lóde, Adéṣínà fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gbá ọsàn gbígbẹ,
ó wọlé láàárín bíríkì méjì.
Gègé mi ṣì wà lókè.