Aṣọ Ogun ní Kakuri

Rédíò wà lórí àpótí, Àbújá ló ti ń sọ̀rọ̀.
Àwọn aṣòfin ń jiyàn:
ká rán ọmọ ogun sọdá ni, àbí ká má rán wọn?
Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo tún dá a dúró,
nítorí ariwo rẹ̀ ń bo "àbí" mọ́lẹ̀,
ó wá ń dà bíi pé gbogbo wọn ti fẹnu kò.

Sájẹ́ǹtì Kazah jókòó sórí bẹ́ǹṣì,
ó na ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́ ní Làìbéríà sínú oòrùn.
"Oṣù mẹ́ta ni wọ́n pè é fún wa," ó wí.
"Oṣù mẹ́ta yẹn gbà mí lọ́dún mẹ́rin
àti eékún kan."
Málàm Sagir tó ń ta àlòkù aṣọ ní ọ̀ọ́kán dáhùn:
"Bí iná bá ń jó ilé aládùúgbò,
ṣé ìkòkò omi rẹ lo máa jókòó tì?"
"Omi náà dà?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.
"Sagir, mo ní omi náà dà?"

Aṣòfin mìíràn ti gba ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù:
ká ti ẹnubodè, tiwa ni ká máa rà,
ìrẹsì wa, bàtà wa, aṣọ tí a fọwọ́ ara wa hun.
Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, Ọlọ́run ń gbọ́.
Láti ẹnu ọ̀nà mi, mò ń wo ògiri ilé iṣẹ́ aṣọ,
ewúrẹ́ ń jẹko níbi tí a ti ń to òwú.
Ẹ̀rọ ìhunṣọ kẹtàdínlógún, èmi ni mo ni ín fọ́dún mọ́kànlá.
Fèrè agogo mẹ́fà àárọ̀ a máa mi páànù gbogbo Kakuri,
àwọn ọmọ ọwọ́ á sì sùn lọ ní tiwọn.
Ọjọ́ tí fèrè náà kò dún,
àwọn ló kọ́kọ́ jí, tí wọ́n ń ké.

Ibi tí mo ronú dé nìyẹn tí Zamani fi wọlé,
ọmọ ìyá tó ń din kósáì ní ìkóríta.
Ó gbé aṣọ ológun tuntun sórí tábìlì.
"Bàbá, ó tóbi jù. Ẹ bá mi mú un wọlé.
Ọjọ́bọ̀ la ń lọ."
"Níbo?"
"Wọn ò tíì sọ fún wa."
A wo rédíò. Wọ́n ṣì ń bá "àbí" wọn lọ níbẹ̀.
Sájẹ́ǹtì rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú oòrùn,
ó tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Mo yí aṣọ náà sódì.
Ìka mi kò gbàgbé iṣẹ́: òwú inú rẹ̀ kò tó nǹkan,
rọ́bà ló pọ̀ jù, yóò mú ọmọ náà làágùn.
Lẹ́yìn ọrùn, wọ́n kọ orúkọ ìlú kan tí n kò lè pè.
Mo tú agolo mi, mo wá òwú aláwọ̀ ewé.
Òkè òkun ni. Abẹ́rẹ́, òkè òkun.
Àwọn tó rọ ẹ̀rọ yìí kò gbúròó Kakuri rí.
Nínú gbogbo ohun tó wà níwájú mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà,
Zamani nìkan la ṣe nílé.

Mo wọn ìbàdí rẹ̀. Mo tún un wọ̀n,
kì í ṣe pé mo ṣìrò.
Ó bèèrè iye owó, Málàm Sagir ní kó máa lọ,
òun tí kì í dín kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.
Rédíò ní kí àwọn tó gbà wí pé "bẹ́ẹ̀ ni",
ṣùgbọ́n bátìrì ti kú tán,
n kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Mo mú aṣọ náà wọlé níka mẹ́ta.
N kò gé ìyókù rẹ̀ dànù o.
Mo ká a sínú, mo fi ojú abẹ́rẹ́ gbọọrọ mú un,
bó bá dé, tó bá sanra,
a ó tú u.