Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Ti Móoru

Tegid, má tíì wo ọ̀dà ara rẹ̀.
Ọ̀dà ni wọ́n fi ń mú ọmọdé.
Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì
bí ìyá ṣe ń gbé e lé iwájú orí ọmọ tí kò sùn,
kí o wí fún mi: ó tutù ni, àbí ó lọ́wọ́ọ́wọ́?

Dísẹ́ẹ̀lì kì í purọ́ nínú òtútù.
Bó bá ti móoru tán, ó di ẹlẹ́rìí
tí wọ́n ti lọ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tún bọ́ọ̀sì ṣe
nísàlẹ̀ òkè olókùúta yìí, ní Blaenau,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè.
Mo mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ má pè é ní tòkunbọ̀ o.
Kò rí òkun rí, àfi láti orí òkè,
lọ́jọ́ tí kùrukùru bá gbà fún un.

Wo rọ́bà pẹ́dàlì. Bó bá ti jẹ dé irin
tí agogo máìlì ṣì ń ka ọ̀kẹ́ méjì péré,
a jẹ́ pé ẹnìkan ti tẹ agogo létí.
Ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun bí ọ̀rá wàrà,
omi ti bá ọ́ìlì sùn; dé e padà, kí wọn ó dáadáa, máa bọ̀ nílé.
Èéfín dúdú, ó ń jẹun ju agbára rẹ̀ lọ.
Èéfín búlúù, ara rẹ̀ ló ń jẹ.
Wọ́n á ní àwọn ti pààrọ̀ bẹ́líìtì.
Ta ló pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé dà?
Ẹnu kì í ṣe rísíìtì.

"Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, Ànńtí Meinir."

Mo ti mọ̀. Ìrì dídì bo gbogbo ọkọ̀ àdúgbò, àfi èyí.
Mo kọjú sí Idwal, ó wọ bàtà ilé jáde sínú òtútù.
"Ẹ ti tan án ká tó dé."

Kò sẹ́.
"Àràárọ̀ ni mo ń tan án. Aago méje àbọ̀.
Mo máa ń jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ibi tí Eirlys fa ìjókòó dé náà ló wà;
orúnkún mi ń kan abẹ́ sítíárìn.
Rédíò ọ̀hún, n kò yí i."

Ẹ́ńjìnnì ń ṣe kẹ́, kẹ́, bó ṣe ń tutù.

Ṣùgbọ́n àánú kì í fọ fílítà.
Mo ní, "Dísẹ́ẹ̀lì tó ń jí láìrìn,
èédú ara rẹ̀ ní í dí i lọ́fun.
Ẹ wo iná pupa rúsúrúsú yẹn."
Ó ní òun rò pé bẹ́líìtì ìjókòó ló ń wí.
Mo yọ irínwó pọ́n-ùn. Ó yọ fìlà.

"Ọ̀la, ẹ má tan án. Ẹ jẹ́ kó sùn."
Ó wo ọkọ̀ náà títí. "Ọ̀la nìkan?"
N kò dáhùn.

Nígbà tá a padà dé, gíláàsì rẹ̀ ti funfun bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀.
Idwal wà lójú fèrèsé, kò jáde.
Tegid yí kọ́kọ́rọ́. Ó húkọ́. Ó tún húkọ́.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dìde.
Èéfín funfun díẹ̀; n kò tíì ka ọgọ́ta tó fi tán.

"Gíà kẹta," mo ní, "má dúró títí a ó fi rí òkun.
Ọ̀nà jíjìn ló ń jó èédú."

Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sábẹ́ ìjókòó, ó fẹ́ fà á sẹ́yìn;
ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn.
Mo di ọwọ́ náà mú.
Má tíì fà á.
Ó di ìgbà tá a bá yà ní kọ́nà.