Atúrun

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, iná ò sí ní Pàkátà.
Mo gbé àtùpà sórí àpótí, mo jókòó sẹ́yìn Séfíyátù,
mo ń tú irun tí mo dì fún un.
Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Orí rẹ̀ funfun bí òwú tí kò tíì kan aró.
Àwọn ọmọ tó ń kọjá ń kí i: "Ẹ kú alẹ́, ìyá àgbà."
Ó ń jẹ́ wọn. Kì í bínú mọ́.

Ní ọsibítù, dókítà yí káàdì rẹ̀ dé ẹ̀yìn,
ó fi bírò fa okùn méjì tó lọ́ mọ́ra.
Okùn ìran, ló wí,
ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo, a ká a, a tún un ká,
níbì kan ìdè méjì ló so tọ̀tún mọ́ tòsì, níbì kan ìdè mẹ́ta.
Ohun tí bàbá wa ní, ohun tí ìyá wa ní,
inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.
Ta ni yóò kà á bí wọn ò bá tú u?

Ó wá ya òrùka kan.
Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n dìmọ́ra yí ẹyọ okùn kan ká.
Wọn kì í ṣe ènìyàn o, purotéènì ni wọ́n,
ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun:
òkèlè kan, ìṣísẹ̀ kan.
Èyí jẹ, ó fa okùn, ó fà á lé ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́,
títí yóò fi yí ká.
Òkèlè tán, iṣẹ́ dúró.
Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, wọn kì í wẹ̀yìn,
okùn á là sí méjì bí oríta.

Bí mo ṣe ń tú tèmi, iwájú rẹ̀ ń le sí i,
àfi kí n dúró, kí n fi òòyà tẹ̀ ẹ́.
Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni tọ̀hún náà rí:
ẹnìkan wà níwájú tó ń gé okùn,
tó ń jẹ́ kó yí, tó ń so ó padà,
kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó já.

Èyí tí Séfíyátù kò ní, kò sí lára àwọn mẹ́fà yẹn.
Mọ̀lẹ́bí wọn ni,
èyí tó ń lọ síbi tó ta kókó, síbi tó ti bàjẹ́.
Orúkọ òyìnbó rẹ̀ bọ́ lẹ́nu mi ní géètì.
Atúrun ni mo sọ ọ́.

"Ó ku mélòó?"
Mo ní mẹ́rin. Mẹ́sàn-án ló kù.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tèmi náà lọ́jọ́ náà.
Lẹ́tà ti dé, ó wà lábẹ́ ẹní,
n ò tíì tú u.

"Rọra," ni Séfíyátù wí. "O ń fà mí lórí."