Èènì

Ọdún tí mo parí ìwé mẹ́fà
ni Alágbà Ṣóbándé fi mí ṣe akọ̀wé
nínú ṣẹ́ẹ̀dì obì rẹ̀ lẹ́bàá Sábó, ní Ṣàgámù.
Páànù lókè, omi nílẹ̀,
òórùn èèpo tó ń jẹrà láàárín.
Bíírò kan, ìwé onílà kan,
àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì.
Náírà méjìlélógún lóṣù.

Obìnrin méjìdínlógójì jókòó lórí àpótí,
ìka wọn dúdú bí ẹni tó ti inú aró bọ̀.
Wọn a bó gbàǹja kúrò nínú awọ funfun rẹ̀,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ti sùn.
Èékánná kò gbọdọ̀ kan ojú obì:
ibi tó bá kàn, dúdú ni yóò dà kó tó dé Kánò.

Ogójì kọ́bọ̀ ni owó igba kan.
Ṣùgbọ́n igba Alágbà kì í ṣe igba.
"Ẹ fi ogún lé e," ni yóò wí, "èènì ni."
Ogún a bọ́ sínú agbọ̀n,
èmi a kọ igba.
Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.
Kí n má purọ́, kò gbọ̀n rárá.

Ìyá Muyíbátù, opó kan láti Màkún,
tí kò mọ̀wé, tó mọ ìṣirò ju tíṣà mi lọ,
dúró létí tábìlì mi lọ́jọ́ Sátidé ìgbowó.
"Ọmọ Ṣówándé, igba mélòó ni mo bó lọ́sẹ̀ yìí?"
"Mẹ́wàá, mà."
"Ogún lọ́nà mẹ́wàá ńkọ́?"
Mo wolẹ̀.
"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."
"Igba kan, mà."
Gbogbo ìka dúró. Omi nìkan ló ń kán.
"Igba kan gbáko tí n ò jẹ kọ́bọ̀ lórí ẹ̀!
Ẹni tó ni nǹkan ló ń fi èènì tani lọ́rẹ.
Èyí tí wọ́n bá fojú líle gbà lọ́wọ́ ẹni
ní orúkọ mìíràn.
N ò ní dárúkọ ẹ̀, mo wà nínú àwẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n wá, wọ́n jókòó,
wọ́n kó ọwọ́ lé itan.
Obì wà nínú omi tòun tawọ.
Wọn ò pariwo, wọn ò já ewé dání.
Wọ́n ní àwọn ti di ẹgbẹ́, Ẹgbẹ́ Abobì,
wọ́n fi Sùúrù Ọ̀ṣíbọ̀dù ṣe akápò
nítorí àpò tirẹ̀ nìkan ni kò lu.

Ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta.
Dánládì awakọ̀ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù,
ó ń bi mí nírọ̀lẹ́ pé ṣé ó ti yá.
Alágbà kó ọmọdébìnrin mẹ́wàá wá láti Ìpẹru,
wọ́n ní ìkánjú, wọ́n tún ní èékánná.
Nígbà tó fi dọjọ́ kẹrin
gbogbo obì tí wọ́n bó ti ní àpá.

Alágbà jáde, ó gbóòórùn omi.
"Ẹ fi mẹ́wàá lé e dípò ogún."
Àwọn kan ní ó tó.
Ìyá Muyíbátù ní kò tó.
Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.
Mẹ́wàá náà ni wọ́n gbà nígbẹ̀yìn;
ebi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Èmi ni wọ́n lé.
"Akọ̀wé tó ń ṣírò síta," ni Alágbà wí,
kò sì san owó oṣù náà.

Lálẹ́ Sátidé, Sùúrù kan ilẹ̀kùn wa
tòun ti àpò tí kò lu.
Kọ́bọ̀ mẹ́rin, kọ́bọ̀ mẹ́rin,
láti ọwọ́ obìnrin méjìdínlógójì,
owó ogún obì lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí Alágbà jẹ mí.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
"Kí lèyí?" ni ìyá mi béèrè.
Sùúrù ti yíjú sí òkùnkùn.
"Èènì ni."