Oṣù Méjì Lókè Tẹ́ṣàn Ọ̀fà

Bàbá Ọyáníyì ò bẹ̀ mí ní ọ̀ṣọ́ kankan.
"Bá mi nu ìdọ̀tí ojú ẹ̀," ni wọ́n wí,
wọ́n tú fọ́tò kan jáde látinú ọ̀rá iyọ̀,
fọ́tò tí òjò ti jẹ létí bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn.
Ìgbà tí wọ́n ń fi àsíá aláwọ̀ ewé yọ̀ǹda ọ̀nà ni:
aṣọ kakí, fìlà rélùwéè, bàtà tó ń dán,
ọkọ̀ irin dúdú lẹ́yìn wọn bí òkè,
àti ọwọ́ kan, ọwọ́ kan ṣoṣo, léjìká wọn.
Ẹni tó ni ọwọ́, omi ti gbé e lọ.

Wọ́n lọ ra ànàmọ́ lọ́jà Owódé.
Mo gbá eku mú,
eku tèmi tí kì í jẹ èkùrọ́, tí kò mọ pàkúté.
Mo nu ìdọ̀tí. Mo rán ibi tó ya.
Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ṣì ń kùn, epo ṣì kù,
ọmọ Ọ̀fà sì ni mí, ìjàkadì ò gbọdọ̀ sú mi:
mo di ọkọ̀ irin náà níbàdí mú,
mo já ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀,
mo gbé e sókè ní ìwọ̀n ọkùnrin méjì.
Mo tan iná aláró sábẹ́ rẹ̀, ìpele lórí ìpele,
èyí àkọ́kọ́ mú bí abẹ, èyí tó tẹ̀lé e rọ̀ bí ìrì.
Mo sọ èéfín di ìràwọ̀ wẹ́wẹ́.
Mo so oṣù méjì rọ̀ lókè ilé tí èrò ti ń dúró,
ọ̀kan pọ́n bí epo, ọ̀kan ní òrùka lọ́rùn.
Àsíá ọwọ́ Bàbá, mo sọ ọ́ di ahọ́n iná.

Wọ́n gbé àpò ànàmọ́ kalẹ̀, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà.
Wọ́n wò ó pẹ́. Fáànù yí, ó yí.
Mo ti ń wá bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì
nígbà tí wọ́n fi ìka kan gíláàsì:
"Irọ́ wà níbí."
"Bàbá, gbogbo ẹ̀ nirọ́."
"Ìyẹn ò kàn mí. Abẹ́ àgbọ̀n mi ni mò ń wí.
Iná wà nísàlẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n mi ṣókùnkùn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé fìtílà lóru.
Bí iná bá ti ìsàlẹ̀ wá,
ihò imú ẹni ló kọ́kọ́ ń mọ́lẹ̀."

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo kun abẹ́ àgbọ̀n,
mo kun ihò imú, mo kun àtẹ́lẹwọ́,
bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀ta aró tirẹ̀.
Lójijì ọkọ̀ náà wúwo.
Lójijì ó léfòó lóòótọ́.

Orí mi wú. Mo sọ̀rọ̀ kọjá ààlà.
"Bàbá, ẹ̀rọ yìí lè ṣe ẹni tó ni ọwọ́ yẹn.
Kí ẹ ṣáà júwe rẹ̀: ṣé ó pupa, ṣé ó kọlà?
Kí iṣẹ́jú tó pé, á ti dé, á máa rẹ́rìn-ín."
Wọn ò dáhùn. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè kọjá.
"Làmídì ni.
Ó máa ń sín bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra.
Oṣù méjì, mo gbà. Ọkọ̀ tí ń fò, mo gbà,
irú ẹ̀ ń kọjá lójú oorun wa nígbà náà.
Ṣùgbọ́n ojú tí o bá yà fún mi lónìí,
òun ni màá máa rántí lọ́la.
Fi ọwọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mo fi sílẹ̀. Mo kàn ta aró díẹ̀ sí èékánná rẹ̀,
torí ìmọ́lẹ̀ náà ì bá dé ibẹ̀.
Bàbá rí i. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló kù kí owó mi pé,
ànàmọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dí i.
Lálẹ́, mo pa jẹnẹrétọ̀, mo gba ojú irin lọ sílé.
Koríko ti bò ó dé orúnkún,
ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ láàárín irin méjèèjì, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Oṣù kan ṣoṣo ló wà lókè.
Mo wo àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.