Ẹni Tó Mú Tọ́ọ̀ṣì

Ní oko wa ní àríwá Áísílándì,
níbi tí oòrùn oṣù kẹsàn-án ti ń tètè relé
bí àlejò tí wọn ò bu oúnjẹ fún,
píkọ́ọ̀pù bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́:
èéfín funfun lówùúrọ̀, èéfín dúdú lórí òkè,
ẹ́ńjìnnì ń dún kà-kà-kà
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí.

Bàbá mi, Ketill, wà lójú òkun, ó ń fa àwọ̀n.
Ormur mẹkáníìkì ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ó dárúkọ iye kan,
màmá mi sì gbé fóònù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin.
Igba àgùntàn ṣì wà lórí òkè.
Yìnyín ò ní dúró de Ormur.

Nọ́sù tuntun mẹ́rin bá ọkọ̀ akólẹ́tà dé,
ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, wọn ò tó ìka mi.
"Wo ihò ẹnu rẹ̀." Mo wò ó, n ò rí ihò.
"Ibẹ̀ ni dísù ń gbà. Eruku kan ṣoṣo ti pọ̀ jù fún un."
Ó fọ tábìlì ìdáná lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun tí wọ́n fi sin ín lọ sílé ọkọ sórí rẹ̀.
Èmi? Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fún mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo rò pé tọ́ọ̀ṣì kì í ṣe iṣẹ́.
"Ibi tí ojú mi ń wò ni kó o tàn án sí,
kì í ṣe ibi tí ojú tìrẹ ń wò."
Ojú tèmi ń wo ajá. Ojú tèmi ń wo òṣùpá lẹ́nu gáréèjì.
"Tọ́ọ̀ṣì!"
Mo dá a padà.

Ó tú páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ọ̀rá di ẹnu wọn
bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ tú àṣírí ilé.
Àkọ́kọ́ jáde. Èkejì jáde. Ẹ̀kẹta lọ́ra, ó jáde.
Ẹ̀kẹrin lóun ò lọ síbì kankan.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi èédú kọ́lé síbẹ̀.

Wọ́n ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Màmá mi fẹ̀sọ̀ mú un: ó bu òróró sí i lẹ́sẹ̀, a lọ sùn.
Lówùúrọ̀ ó tún fẹ̀sọ̀ mú un.
Lọ́sàn-án ó pè é ní orúkọ tí n kò gbọdọ̀ kọ síbí,
ó fi òòlù gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó sì jáde, pọ̀ọ́! Èmi àtajá fò sẹ́yìn.

Wáṣà bàbà mẹ́ta ni wọ́n fi ránṣẹ́; mẹ́rin la nílò.
Ó mú ògbólógbòó kan, ó fi iná sítóòfù jó o
títí ó fi pọ́n bí ẹyin iná, ó sọ ọ́ sómi: ṣìì.
"Ó ti rọ̀ báyìí. Bàbà tó bá le jù kì í dí ihò."
N kò mọ̀ nígbà náà pé nǹkan mìíràn ló ń sọ.
Bóyá kò sọ nǹkan mìíràn.
Bóyá wáṣà náà ló ń sọ.

Afẹ́fẹ́ kún inú páìpù.
Mo gun àga awakọ̀, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀.
"Yí i!" Mo yí i. "Dúró!" Mo dúró.
Dísù ń tu itọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀tì; ó dè é le.
Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó wúkọ́.
Lẹ́ẹ̀keje, ó wúkọ́, ó ronú,
ó gbára rẹ̀ mú, ó ń kùn bí ológbò.
Màmá mi ò pariwo. Ó jókòó sórí táyà àtijọ́,
ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́.

Ní Sátidé a kó igba àgùntàn, ó dín mẹ́ta, sọ̀kalẹ̀.
Yìnyín dé ní Mọ́ńdè.
Búrẹ́dì wa ń rùn dísù títí di oṣù kọkànlá.

Bàbá mi dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹ etí.
"Ta ló ṣe èyí?"
Màmá mi ń bó ọ̀dùnkún, kò gbójú sókè.
"Bi ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì."