Ojú Ewé Kẹsàn-án

Ọmọ wa Fadérẹrà ló san owó rẹ̀,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àbọ̀ náírà,
ó fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní Kúbwà.
Mo ní, "Bauchi kì í ṣe òkè òkun.
Kí la fẹ́ fi adójútòfò ṣe?"
Ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà."
Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé mọ́kànlá,
lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí.
Mo ká a sí mẹ́rin, mo kì í bọnú báàgì,
láàárín oògùn ìfúnpá bàbá wọn àti gúgúrú.

Ọjọ́ kejì tí a dé Yankari, ìnàkí kan
sọ̀kalẹ̀ lórí igi bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Kò wo ojú ẹnì kankan.
Ó gbé báàgì, ó gun òrùlé,
ó jẹ gúgúrú, ó tú oògùn wò, ó dà á nù,
ó wá mú ìwé adójútòfò, ó tẹjú mọ́ ọn
ju bí èmi ṣe tẹjú mọ́ ọn rí.
Ó fà á ya.

Bàbá Fadérẹrà rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ omi Wikki.
Omi ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, ó mọ́ gaara.
Ẹ̀rín ọ̀hún kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀
tí òkúta yíyọ̀ kan fi gbé e ṣubú.
Mo gbọ́ ìró eegun itan.

Wákàtí méjì lójú ọ̀nà,
Málàm Inúwà ń wakọ̀, ó ń wí pé "Sànnu, Baba, sànnu,"
ní gbogbo gegele.
Ilé ìwòsàn ní ká kọ́kọ́ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó
kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan itan.
Ta ló ń gbé irú owó yẹn lọ wo erin?

Mo pe nọ́ńbà tí Fadérẹrà kà fún mi láti Ìlọrin.
Ọmọbìnrin kan gbé e ní Wúsè, ó ní Ene lòun ń jẹ́,
ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.
"Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Wákàtí mẹ́rìnlélógún la fún yín."
"Wákàtí mẹ́ta ni."
"Ṣé bàbá ti ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀?"
"Ìfúnpá. Ìfúnpá kì í ṣẹ́ itan."
"Ṣé wọ́n mutí?"
"Kùnú ni wọ́n mu láàárọ̀."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà,
ká-ká-ká, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.
Lẹ́yìn náà ló ní,
"Màámi, ẹ gbé fóònù fún akáǹtì ilé ìwòsàn."

Wọ́n fi irin mú eegun.
Sísítà Rifkatu ló kọ́ mi pé kí n tọ́jú gbogbo rìsíìtì,
títí dórí ti òwú.

Báàgì ńkọ́?
Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí ìwé ní kí n lọ.
Sájẹ́ǹtì Garkuwa fa pẹ́ẹ̀nì yọ. "Ta ló jalè?"
"Ìnàkí."
"Ṣé ẹ lè dá ojú rẹ̀ mọ̀?"
"Ó ní àpá létí òsì."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ọlọ́run bá mi bù kún un.

Lẹ́tà wọn dé lóṣù kejì.
Itan: wọ́n san án, àfi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún àkọ́kọ́
tó jẹ́ tiwa. Ojú ewé kẹfà, wọ́n kúkú ti sọ ọ́.
Báàgì: wọn ò san. Ojú ewé kẹsàn-án:
olè gbọ́dọ̀ jẹ́ ènìyàn.

A-dójú-ti-òfò.
Lálẹ́ àná mo tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní bálíkónì wa,
bàbá wọn na ẹsẹ̀ sórí àpótí,
mò ń ka ojú ewé mọ́kọ̀ọ̀kànlá fún un ketekete.
Nígbà tí mo dé "ogun, ìjà ìgboro, omíyalé", ó ti sùn lọ.
Ojú ti òfò lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n kò dorí kodò.
Orí òrùlé ló jókòó sí,
ó ń wò mí, ó ń jẹ gúgúrú mi.